Abẹ́rẹ́ àbí ìkòkò: èwo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ nílé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, àwọn ọmọ FUNAAB, yunifásítì Abẹ́òkúta wa níbí, tó ń gbé yàrá kan ní Àlábàtà, àwọn ìyá tọ́mọ ti lọ bọ́dìn tílé wá dákẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Aunty, mo fẹ́ máa fọwọ́ ara mi ṣe nǹkan nílé, ṣé kí n mú abẹ́rẹ́ ni àbí kí n wọ kíṣìnnì, èwo ló rọrùn jù nínú ẹ̀?"

Lójú tèmi o, rírọrùn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò. Gbogbo ẹ̀ ló rọrùn lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, gbogbo ẹ̀ náà ló sì le lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé, tó bá wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́, ìgbà wo ni màá rí i pé ó ti wọ́, ṣé màá ṣì lè tún un ṣe nígbà yẹn? Ibẹ̀ gan-an ni aṣọ àti oúnjẹ ti pínyà.

Aṣọ, ibì kan ṣoṣo ni kò ti sí àtúnṣe, ìyẹn ibi tí sìsọ́ọ̀sì bá ti kọjá. Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ lè wọ̀n ọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tẹ́ ẹ bá sì ti gé e tán, tó wá jẹ́ pé rírán ló wọ́, ẹ mú béléèdì, ẹ tú u, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ẹ tún un rán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Oúnjẹ ní tiẹ̀, kó tó débi iná lẹ lè ṣe é bó ṣe wù yín, ẹ fi ṣúgà kún un, ẹ fi fúláwà kún un, ẹ bu omi sí i, àmọ́ tó bá ti bọ́ sínú epo gbígbóná báyìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fún yín, tó bá jóná ó ti jóná nìyẹn, kò sí béléèdì tó máa tú u. Ẹ̀san ẹ̀ ni pé chin-chin tó wọ́, ilé á jẹ ẹ́ náà ni, àwọn ọmọ ò tiẹ̀ ní bèèrè. Àpò ìrọ̀rí tó wọ́, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?

Ẹ fi èyí sọ́kàn bá a ṣe ń kó wọn wéra wọn báyìí.

Owó àkọ́kọ́ àti owó tí kì í tán

Ríránṣọ máa gba owó lọ́wọ́ yín níbẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́, òwú, téèpù, ṣọ́ọ̀kì télọ̀, píìnì, àti sìsọ́ọ̀sì gidi. Mo ní gidi o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń gé ọ̀rá mílìkì, torí sìsọ́ọ̀sì tó bá ti gé bébà àti ọ̀rá máa ń kú, á wá máa jẹ aṣọ dípò kó gé e. Ẹ fi ti aṣọ pa mọ́ fún aṣọ, kẹ́ ẹ sì bá ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn án jà. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ọ̀hún ti parí, irinṣẹ́ yẹn máa wà lọ́wọ́ yín fún ọdún gbọọrọ.

Kíṣìnnì ò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò wà ńlé, fráyìn-páànù wà ńlé, ìgò tẹ́ ẹ máa fi yí fúláwà wà ńlé, ẹ ò ní ra irinṣẹ́ kankan. Àmọ́ fúláwà, òróró, bọ́tà, ṣúgà, gáàsì, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é lẹ máa ra gbogbo ẹ̀. Òróró yìí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù, wọ́n á ṣírò owó fúláwà, wọ́n á gbàgbé òróró.

Aṣọ ńkọ́? Ní Abẹ́òkúta tiwa yìí, ẹni tó bá ní òun ò rí aṣọ tóun máa fi kọ́ṣẹ́, kò wá a ni. Télọ̀ wà ní gbogbo àdúgbò, àjẹkù aṣọ wà nínú àpò sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ran nǹkan ni," ọ̀pọ̀ wọn máa kó o fún yín. Bẹ́díṣíìtì tó ti gbó láàárín tí etí ẹ̀ ṣì le, ìró àtijọ́, gbogbo ẹ̀ ló dáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àdìrẹ níbí kẹ́ ẹ má baà sáré lọ sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú. Mo mọ̀ pé ó ń wù yín, ta ni kò wù, àwa la ni ín. Àmọ́ fún ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rán, ankara ló ṣáájú àdìrẹ lójú tèmi. Ọ̀kan, àdìrẹ tó dáa wọ́n, ọkàn yín á sì máa já tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sìsọ́ọ̀sì kàn án. Ìkejì, aró ẹ̀ máa ń ṣí níbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi rán àpò ìrọ̀rí láìtíì fọ̀ ọ́, ìrọ̀rí funfun á di aláró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín náà lè gbà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àdìrẹ lẹ fẹ́ dandan, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí omi ẹ̀ á fi mọ́ kẹ́ ẹ tó gé e. Ankara náà, tó bá jẹ́ kọ́tìn, ẹ rẹ ẹ́ sómi kẹ́ ẹ sá a kẹ́ ẹ tó gé e, torí ó máa ń súnkì, àpò ìrọ̀rí tó wọlé dáadáa lónìí lè má wọlé mọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́.

Àsìkò yín ńkọ́?

Ẹni tọ́mọ kékeré wà lọ́wọ́ ẹ̀, abẹ́rẹ́ ni kó mú. Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń sọ pé abẹ́rẹ́ àti ọmọ kékeré kẹ̀? Òótọ́ ni, ẹ wá agolo tó ní ìdérí, àwọn agolo bisikíìtì aláwọ̀ búlúù tá a máa ń ṣí nígbà tá a wà ní kékeré tá a máa bá òwú nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni kó máa gbé. Ohun tí mò ń sọ ni pé aṣọ máa ń dúró deni. Ọmọ ké, ẹ gbé e sílẹ̀. NEPA mú iná lọ, ẹ gbé e sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà dé lọ́la, ibi tẹ́ ẹ rán an dé ló wà.

Nǹkan dídín ò mọ ọmọ tó ń ké. Tí epo bá ti gbóná lórí iná, ẹ ò gbọdọ̀ kúrò nídìí ẹ̀, kódà kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé epo gbaná, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí ìkòkò dé e, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó máa fi tutù. Omi kọ́ o! Omi lórí epo tó ń jó ló máa ń gbé iná lọ sára ògiri àti sára èèyàn.

Ògì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ó máa gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin látìgbà tẹ́ ẹ ti rẹ àgbàdo dìgbà tó sílẹ̀ sísàlẹ̀ abọ́, àmọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ ṣe nínú ẹ̀ ò pọ̀, omi àti ọjọ́ ló ń ṣèyókù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ̀sán tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń délé, ògì bá a mu ju chin-chin lọ.

Àpò ìrọ̀rí àbí àpò ọjà

Àwọn méjì yìí làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ rán, torí ìlà tààrà ni gbogbo wọn, kò sí ọrùn, kò sí apá. Tẹ́ ẹ bá sì fojú aṣọ wò ó, àpò ọjà ló dà bíi pé ó kéré. Yáàdì 1 ankara tó fẹ̀ tó ínṣì 45 máa yọ àpò ọjà kan pẹ̀lú aṣọ inú ẹ̀ àti okùn ẹ̀: ẹ gé ègé mẹ́rin tó jẹ́ ínṣì 16 ní fífẹ̀ àti ínṣì 18 ní gígùn, méjì fún ìta, méjì fún inú, ìyẹn máa jẹ ínṣì 32 nínú fífẹ̀ aṣọ yẹn. Èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gé e sí okùn méjì tó fẹ̀ ní ínṣì 4, ẹ ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin kó lè di ínṣì 1 tó nípọn, ẹ rán an.

Kí ló wá dé tí mi ò fi ní kẹ́ ẹ fi àpò ọjà bẹ̀rẹ̀? Ẹrù ni. Ẹ máa gbé e lọ sí ọjà Kútọ̀, ẹ máa kó iṣu sí i, tòmátò lókè, ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí okùn ti pàdé àpò ni gbogbo ìwúwo yẹn máa gbé. Tó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo lẹ rán síbẹ̀, á já. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n máa rán onígun mẹ́rin kékeré síbẹ̀, á wá rán ìlà méjì tó dábùú ara wọn gba àárín ẹ̀ kọjá. Ọwọ́ tuntun lè má tíì lè rán ìyẹn kó gún, pàápàá pẹ̀lú aṣọ tó ti di ìpele mélòó kan níbẹ̀. Àpò ọjà, ojú ọjà ló ti máa ń sọ fún yín pé ẹ ò rán an dáa.

Àpò ìrọ̀rí ò gbé ẹrù kankan ju orí lọ. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ò ní fi síìpù tàbí bọ́tìnnì sí i, aṣọ fúnra ẹ̀ ló máa ṣẹ́po sínú tó máa di ìrọ̀rí mú. Ẹ wọn ìrọ̀rí yín. Ká ní ó jẹ́ ínṣì 18 ní fífẹ̀ àti ínṣì 28 ní gígùn, ẹ gé aṣọ ẹyọ kan tó fẹ̀ ní ínṣì 19, torí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa jẹ ààbọ̀ ínṣì. Gígùn ẹ̀, ìlọ́po méjì ìrọ̀rí jẹ́ 56, ẹ fi 6 kún un fún ibi tó máa ṣẹ́po sínú, ẹ fi 2 kún un fún etí méjèèjì, ó di 64. Yáàdì 2 jẹ́ ínṣì 72, aṣọ sì fẹ̀ tó 45, nítorí náà yáàdì 2 máa yọ àpò ìrọ̀rí méjì gbáko. Ègé gígùn tó ṣẹ́ kù létí ẹ̀, tó fẹ̀ tó ínṣì 7, ẹ là á sí méjì kẹ́ ẹ fi rán rọ́bà irun fáwọn ọmọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rán an rèé. Ẹ kọ́kọ́ ká etí kúkurú méjèèjì wọlé, ẹ rán wọn. Ẹ wá tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kí ojú ẹ̀ tó dáa kọjú sókè. Láti etí kan, ẹ wọn ínṣì 6, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀. Ẹ wá mú etí kejì, ẹ ká a wá síbi ìlà yẹn kó kan án gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ínṣì 6 tó kù yẹn, ẹ ká a bò ó lórí. Ẹ fi píìnì mú un, ẹ rán ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ yí i padà. Nígbà tẹ́ ẹ bá yí i padà, ìbòrí yẹn á ti bọ́ sínú fúnra ẹ̀, ìgbà yẹn ni inú ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń dùn bíi kó pariwo. Tí ìlà yín bá wá wọ́ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ló wà, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Nítorí náà, àpò ìrọ̀rí ni ti àkọ́kọ́, àpò ọjà ni ti ìkejì.

Ọwọ́ àbí maṣíìnì

Ẹ má ì tíì ra maṣíìnì. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Gbogbo nǹkan tí mo kọ sókè yìí ni wọ́n lè fọwọ́ rán, ẹ ṣáà mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ rán ibi tó máa gbé ẹrù tàbí tí wọ́n máa fà, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ máa padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó tún lọ síwájú, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn máa ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lọ lọ lọ. Èyí tó kàn ń lọ síwájú yẹn, tí òwú bá já níbì kan, gbogbo ẹ̀ ló máa tú.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ń kọ́ yín bí aṣọ ṣe ń hùwà, maṣíìnì ń fún yín ní ìyára. Ìyára láìmọ bí aṣọ ṣe ń hùwà, àṣìṣe tó yára ló máa fún yín. Tó bá wá tó àkókò tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, mo fara mọ́ ọn kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yí, bíi Butterfly dúdú tó wà nílé àwọn ìyá wa yẹn, ju oníná lọ. Ṣé ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Tókúnbọ̀ oníná dáa, ó lẹ́wà, ó ń rán òdòdó, àmọ́ ọjọ́ tí iná ò bá sí, tábìlì lásán ni.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé maṣíìnì àwọn ti bàjẹ́, òwú ni wọ́n ò kì dáa. Tí òwú bá ń ta kókó lábẹ́ aṣọ, ti òkè ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe ti bọ́bìnì tó wà nísàlẹ̀. Ẹ yọ ọ́ pátá, ẹ gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè, ẹ tún un kì. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ló dáa fún ankara, 16 fún jíǹsì àti nǹkan tó nípọn. Òróró maṣíìnì ni kẹ́ ẹ kán sí i o, ẹ má lọ bu ti kíṣìnnì, á gan mọ́ra ni.

Ti ìgbékòkò àti épúrọ́ọ̀nù

Méjèèjì yìí, aṣọ ló rán wọn, kíṣìnnì ló ń lò wọ́n. Aṣọ tá a fi ń gbé ìkòkò sọ̀ kéré, ínṣì 8 sí 8, ankara méjì lóde, táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ìpele méjì láàárín, ẹ rán an yípo, ó tán. Épúrọ́ọ̀nù tóbi, ó ní ibi tó ṣe kọ́rọ́kọ́rọ́ lábẹ́ apá, kíká ibẹ̀ wọlé máa ń yọ ẹni tuntun lẹ́nu. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí nìkan, tí kò gòkè àyà, ìyẹn rọrùn dáadáa.

Ìgbékòkò ló rọrùn jù, àmọ́ òun náà lèyí tó lè ṣe èèyàn léṣe. Aṣọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ́tìn. Polísítà máa ń yọ́ tó bá pàdé ìkòkò gbígbóná, á lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: ẹ gé ègé tíńtín, ẹ fi nǹkan mú un, ẹ ṣáná sí i lórí síǹkì. Tó bá jó bíi bébà tó di eérú, kọ́tìn ni. Tó bá ń ká jọ tó ń yọ́, tí etí ẹ̀ gan kókó, ẹ fi ìyẹn rán rọ́bà irun. Ẹ má sì fi èyí tó tutù gbé ìkòkò láé, omi inú ẹ̀ máa gbé ooru kọjá sọ́wọ́ yín kíá.

Chin-chin, ìpékeré, ẹ̀pà

A ti dé ìdí iná. Tẹ́ ẹ bá ka nǹkan tó ń wọ inú ẹ̀, ìpékeré ló rọrùn jù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, iyọ̀, òróró, ó parí. Àmọ́ ọ̀bẹ ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. Tí ègé kan bá nípọn tí ìkejì bá fẹ́lẹ́, èyí tó fẹ́lẹ́ á ti jó kí èyí tó nípọn tó gan, inú epo lẹ sì máa ti mọ̀, nígbà tí kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe mọ́. Ẹni tó bá ní irin tí wọ́n fi ń gé e, tiẹ̀ dáa. Ẹ máa jù ú sínú epo níkọ̀ọ̀kan kó má baà lẹ̀ mọ́ra.

Chin-chin, nǹkan inú ẹ̀ pọ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ òun ni mo máa ní kẹ́ ẹ mú nínú méjèèjì, torí ẹ máa rí àṣìṣe yín nínú abọ́ kó tó dénú epo. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má ṣe ju ìdajì kílò lọ: fúláwà gíráàmù 500, bọ́tà 125, ṣúgà 100, ẹyin kan, nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀, àti mílìkì olómi tẹ́ ẹ máa dà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ìka fọ́ bọ́tà sínú fúláwà títí tí gbogbo ẹ̀ á fi rí wóróworó, tí kò ní sí kókó bọ́tà kankan mọ́. Ẹ da ṣúgà, nọ́tímẹ́ẹ̀gì, iyọ̀, ẹyin àti mílìkì sí i, ẹ pò ó. Kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Tó bá ń lẹ̀, ẹ fi fúláwà kún un, tó bá ń fọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mílìkì ṣíbí kan. Ìpò tó bá rọ̀ jù máa ń mu epo, èyí tí ṣúgà ẹ̀ pọ̀ jù máa ń dúdú lóde kí inú ẹ̀ tó jinná, àwọn kan á wá máa bú gáàsì.

Ẹ fi ìgò yí i pẹrẹsẹ, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bu fúláwà lé e kó má baà lẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi asẹ́ gbọn fúláwà yẹn dà nù kó tó wọ epo. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbọn ọ́n, fúláwà yẹn á lọ jóná nísàlẹ̀ epo, ìkó kejì á wá dúdú, á korò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá epo ti tó, ẹ ju ẹyọ kan sí i. Tó bá rì, tó wá rọra ń gòkè pẹ̀lú ìfòfó kéékèèké, ó ti tó. Tó bá jẹ́ bó ṣe ń bọ́ síbẹ̀ ló ti ń pọ́n, ẹ rẹ iná sílẹ̀, ẹ ní sùúrù. Ẹ má kó o sí i púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, epo á tutù. Ẹ kó o jáde nígbà tó bá kù díẹ̀ kó pọ́n tó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, torí á ṣì máa pọ́n sí i lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹ má sì dé e nígbà tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, òógùn ẹ̀ á mú un rọ̀.

Ẹ̀pà ò ní wàhálà epo rárá, inú iyanrìn tàbí gàárì ni wọ́n ti ń yan án, omi iyọ̀ lẹ kọ́kọ́ máa rẹ ẹ́ sí díẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ wá máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Apá ló ń dunni. Ohun tí kì í jẹ́ kó dáa lọ́wọ́ ẹni tuntun ni pé ẹ̀pà tó ti jinná ṣì máa ń rọ̀ lẹ́nu tó bá gbóná, ìgbà tó bá tutù ló ń gan. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní kò tíì jinná, wọ́n á tún fi sórí iná, ó di èédú. Ẹ mú díẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò. Kẹ́ ẹ sì ṣà á dáadáa níbẹ̀rẹ̀, èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù, kì í ṣe nǹkan tí yíyan ń wò sàn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa bèèrè rọ́bó, a kúkú wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Rọ́bó ò sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Fífún epo jáde lára ẹ̀gúsí lílọ̀ yẹn le díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, tí epo bá kù nínú ẹ̀ jù, á fọ́ sínú epo, ẹ̀gúsí sì wọ́n. Ẹ lọ jókòó ti ìyá kan tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Zobo àbí ògì

Nínú gbogbo nǹkan kíṣìnnì, zobo ló gba àtúnṣe jù, torí kò sígbà tí kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ó kan jù, ẹ bu omi sí i. Kò dùn, ẹ fi ọ̀pẹ̀-òyìnbó tàbí ṣúgà kún un. Kò pọ́n, ẹ dá a padà sórí iná. Ẹ ṣan zobo gbígbẹ yẹn dáadáa torí iyanrìn, ẹ sè é pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀-òyìnbó tẹ́ ẹ ti fọ̀ mọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Ìkòkò onírin tí kì í dípẹtà ni kẹ́ ẹ lò, kíkan ẹ̀ máa ń bá alumíníọ́ọ̀mù jà. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé tí ò bá sí fíríìjì, ọjọ́ náà lẹ gbọ́dọ̀ mu ún tán. Kó má sì ta sára àpò ìrọ̀rí tuntun tẹ́ ẹ rán, mo bẹ̀ yín.

Ní ti ògì, fíríìjì ò pọn dandan. Ẹ rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi ẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ gbé e lọ ẹ̀rọ, ẹ sẹ́ ẹ, ó sílẹ̀ mọ́jú. Tẹ́ ẹ bá ń da omikan kúrò lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ ń bu omi tuntun sí i, á bá yín pẹ́ díẹ̀. Omikan yẹn gan-an, aládùúgbò tó ń ṣe àgbo máa wá tọrọ ẹ̀. Ohun tó ń ná yín níbẹ̀ ni omi, àdúgbò tí omi ti ṣọ̀wọ́n, zobo ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ méjèèjì pa pọ̀, kó rán asẹ́ ògì fúnra ẹ̀. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́, ègé méjì, ìlà mẹ́ta péré. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé etí aṣọ fẹ́lẹ́ máa ń ya òwú, òwú ọ̀hún á bọ́ sínú ògì ọmọ. Ọgbọ́n ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì: ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀yìn aṣọ kọjú síra, kí ojú ẹ̀ tó dáa wà níta, ẹ rán an sún mọ́ etí, ẹ gé òwú tó yọ, ẹ wá yí i padà, ẹ tún un rán ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta ínṣì sí etí. Etí tó ń ya òwú yẹn á ti há sáàárín ìlà méjèèjì. Ẹ wá ká ẹnu ẹ̀ wọlé, ẹ ki okùn sí i, ẹ fi máa gbé ògì kọ́ kó ro. Télọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń lo ọgbọ́n yìí fún aṣọ tó fẹ́lẹ́, òun ni yóò sì jẹ́ kẹ́ ẹ lè rán ṣífọ́ọ̀nù lọ́jọ́ iwájú láìgbé e lọ wíífìn, ìyẹn ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi maṣíìnì dí etí aṣọ kó má baà ya.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa tà á

Níbí ni èrò mi ti yí díẹ̀. Chin-chin máa ń yára tà ju aṣọ lọ, owó ẹ̀ máa wọlé láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí àpò ọjà lè wà lórí ìkọ́ títí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ máa dì í sínú ọ̀rá tó ní orúkọ yín lára tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbé e sí súpámákẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ NAFDAC ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà. Àpò ìrọ̀rí ò nílò nọ́ńbà kankan. Ọmọ FUNAAB tó ń ta chin-chin fáwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ṣì lè fi ike kékeré bẹ̀rẹ̀, kó kọ ọjọ́ tó dín in sára ẹ̀, kó sì máa wo iye epo tó ń bá ìkó kọ̀ọ̀kan lọ kó tó dárúkọ iye tó fẹ́ tà á. Ìyá ọlọ́mọ kékeré, àpò ìrọ̀rí méjì-méjì nínú ọ̀rá kan, ankara tó bára mu, àwọn tó ń ra ẹ̀bùn ìgbéyàwó máa ń wá irú ẹ̀, ẹ sì lè rán an sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí di àsìkò ọdún tí ìgbéyàwó máa ń pọ̀.